Oníwọ̀n Tí Kò Wọn Ara Rẹ̀

Ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ògbà, níbi tí èmi náà ti ṣiṣẹ́ rí, ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Oníwọ̀n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tó ìwé kà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò fa pákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá yọ lórí ẹ̀rọ, yóò gbé wọn sórí síkéèlì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ iye gíráàmù wọn sínú ìwé gbọọrọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Bí wọn kò bá pé, ọjà kò ní jáde. Lọ́jọ́ kan, súpáfáísọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fojú fò ó, pé ọkọ̀ tí yóò kó ọjà ti ń dúró lẹ́nu géètì, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá wo páálí yẹn á mọ̀ pé ó kún. Oníwọ̀n kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Sà, ojú kì í wọn nǹkan. Síkéèlì ló ń wọ̀n."

Ọkùnrin yìí kan náà ló gún ohun tí kò wọ̀n sára fún ọdún márùn-ún.

Inú rere ló ti bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí. Ọmọ mẹ́ta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí: obìnrin kan, lẹ́yìn náà ìbejì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé ní Agége, Ìyá Ìbejì sì ń ta ata lọ́jà Òkè-Kòtò. Wọ́n fẹnu kò pé ọmọ tó. Ìyá Ìbejì lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ṣùgbọ́n kò bá a lára mu: ẹ̀jẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀, kò wá tán, kò lọ tán. Ó yí sí oníhóró, orí fífọ́ gbà á. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ka ọ̀nà yòókù sílẹ̀ fún wọn: èyí tí wọ́n ń fi sí apá, kọ́ńdọ̀mù, títí dé iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin, tí wọ́n á di ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà jáde. Oníwọ̀n fò sókè nígbà tó gbọ́ ti ìkẹyìn yìí. Ó ní, "Ṣé kí wọ́n wá tẹ̀ mí lọ́dàá ni?"

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. A óò padà dé ibẹ̀.

Síbẹ̀ ìyà tó ń jẹ ìyàwó rẹ̀ ń dùn ún. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan nígbà tí à ń jẹ búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì pé kò yẹ kó jẹ́ obìnrin nìkan ni yóò máa gbé ẹrù yìí. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwa ọkùnrin, mo sì yìn ín.

Lẹ́yìn ọgbà mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ìjú, àwọn ọ̀dọ́ kan dá jíìmù sílẹ̀. Áásìlì ọkọ̀ àti agolo tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí ni wọ́n ń gbé. Oníwọ̀n máa ń lọ síbẹ̀ bó bá jáde ní ṣíìfù òwúrọ̀. Kóòṣì wọn, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ní ìgò abẹ́rẹ́ kéékèèké nínú kúlà kan. "Testo" ni wọ́n ń pè é. Testosterone ni, èròjà tí ara ọkùnrin ń ṣe fúnra rẹ̀, tó ń mú irùngbọ̀n hù, tó ń mú ohùn ki. Kóòṣì ní ó ń kọ́ iṣan. Lẹ́yìn náà ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó wọ Oníwọ̀n létí: "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń gún un, ìyàwó yín ò ní lóyún. Àwọn òyìnbó ti dán an wò."

Bí irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá Oníwọ̀n ì bá bọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó sì rí i pé Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ló ṣe ìdánwò náà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Ọkùnrin 271 ní orílẹ̀-èdè méje ló gba 200 mìlígíráàmù testosterone lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn 157 tí irúgbìn tán pátápátá nínú àtọ̀ wọn fi abẹ́rẹ́ náà nìkan ṣe ìdáàbòbò fún ọdún kan gbáko. Oyún kan ṣoṣo péré ló wáyé láàárín gbogbo wọn. Ó tún rí i pé ní Ṣáínà, nínú ìdánwò mìíràn tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009, ọkùnrin tó lé ní 1,000 gba irú rẹ̀ lóṣooṣù fún ọgbọ̀n oṣù, oyún mẹ́sàn-án ni wọ́n kà.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ọ̀rọ̀ ilé ni òwe yẹn wà fún. Ọ̀rọ̀ oògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ tí ẹ bá gbọ́ nínú rẹ̀, àbọ̀ náà ni yóò wà títí yóò fi ṣe yín léṣe. Ohun tó wà ní apá kejì tí Oníwọ̀n kò kà ni pé nínú àwọn 271 yẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ni irúgbìn wọn tán. Àwọn tó tán náà, ó gbà wọ́n tó oṣù mẹ́rin ní ìpíndọ́gba, nítorí irúgbìn tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kó tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ń gba bí oṣù méjì ààbọ̀ kó tó pé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, tọkọtaya ń lo ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń gba àtọ̀ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ẹ̀rọ awò-kékeré ka irúgbìn inú rẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí iye rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ tó kò wọ ìpele kejì. Ní Ṣáínà pàápàá, nǹkan bí ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni kò lọ sílẹ̀ tó. Kí á má gbàgbé pé kò sí Nàìjíríà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é.

Ní kúkúrú, síkéèlì ló mú kí ìdánwò yẹn ṣiṣẹ́. Oníwọ̀n mú abẹ́rẹ́, ó fi síkéèlì sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni Ìyá Ìbejì sọ fún un pé òun kò rí nǹkan oṣù òun.

Mo fẹ́ fò ó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ọkùnrin tó gbà pé òun ti ti ìlẹ̀kùn pa, tó wá bá ènìyàn nínú ilé, ta ni yóò fura sí? Oníwọ̀n kò pariwo. Ó kàn dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé ta ló ni oyún. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ bàbá onílé, ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní Ìfọ̀, ìyẹn sì gbéra wá. Ìyá Ìbejì, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń kán tẹ́lẹ̀ nítorí ìfètò, tún wá jókòó sáàárín àwọn àgbà tó ń jiyàn bóyá ó ṣe aṣẹ́wó. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ: "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọn nǹkan, kí lẹ fi wọn èyí?"

Kò rí èsì fọ̀. Ọmọ dé, ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó wá orúkọ kiri, nítorí ẹni tó bá tẹ̀lé ìbejì, Ìdòwú ni. Etí tó lẹ̀ mọ́ orí, igun ètè òsì tó ga díẹ̀, Oníwọ̀n ni wọ́n tún bí. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó ti pè jọ. Ìyá Ìbejì dárí jì í. Òun ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun dárí jì í ṣùgbọ́n òun kò gbàgbé.

Ẹ ó rò pé ó jáwọ́. Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé oògùn náà kò tó. Ó fi kún un. Abẹ́rẹ́ kan lọ́sẹ̀ di méjì, nígbà míì Kóòṣì á fi òmíràn lé e. Lóòótọ́, oyún mìíràn kò dé mọ́. Apá rẹ̀ tóbi, àyà rẹ̀ yọ síta, àwọn ọ̀dọ́ jíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní baba. Ọmọ wẹ́dà kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, tó máa ń tẹ̀lé e bí òjìji. Oníwọ̀n ló júwe abẹ́rẹ́ fún un. Ó ní kò ní jẹ́ kó fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún kó tó ṣe tán láti gbéyàwó.

Ọdún márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀. Irorẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń hanrun débi tí àwọn ọmọ fi ń sá lọ sùn sí pálọ̀. Inú rẹ̀ yá sí bíbí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ọmọ kan ní ibi iṣẹ́ nítorí péńsù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ mú gbogbo wa lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 170 lórí 110. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PCV, jẹ́ 58. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré ló ń ṣàìsàn. Ìdààmú ló jẹ́ fún dókítà. Bí PCV ọkùnrin tó ń gba testosterone bá ti kọjá 54, dókítà gbọ́dọ̀ dá a dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ki jù kì í sàn geere. Ó lè dì nínú iṣan, kó di rọpárọsẹ̀ tàbí kó mú ọkàn.

Obìnrin ni dókítà náà, ó kéré sí Oníwọ̀n dáadáa. Ó bi í léèrè ohun tó ń gún. Oníwọ̀n sẹ́. Dókítà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ bá yín ṣe ẹjọ́. Ẹ̀jẹ̀ yín ti sọ ọ́." Oníwọ̀n bá jẹ́wọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì ti sún kì. Ìyẹn ni Oníwọ̀n ti mọ̀ fún ọdún méjì tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà béèrè pé, "Ṣé ẹ rántí Dunlop, ní Ọba Akran?"

Ta ni nínú àwa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Agége ni kò rántí? Táyà ni wọ́n ń ṣe. Ní 2008 ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Iná kò sí, dísù wọ́n, táyà òkè òkun sì ti kún ọjà.

Dókítà ní, "Bó ṣe rí nínú ara yín nìyẹn. Kórópọ̀n yín ni ilé iṣẹ́. Ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà lábẹ́ ọpọlọ, kókó kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ọ́fíìsì yìí ló ń ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe testosterone, kí wọ́n ṣe irúgbìn. Ẹ wá ń kó ti òkè òkun wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ́fíìsì wo ọjà, ó rí i pé ó kún, ó ní kí ilé iṣẹ́ dúró. Irúgbìn tán. Ohun tí àwọn oníwàádìí ń fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá tì, ẹ̀rọ inú rẹ̀ a máa dípẹtà. Bí ẹ bá dá ọjà òkè òkun dúró lónìí, ṣé ilé iṣẹ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la?"

Oníwọ̀n ní kò lè bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú nọ́ọ̀sì padà wá bá a. Abẹ tó sá fún kì í tẹni lọ́dàá. Ọ̀nà ló ń dí, kì í fọwọ́ kan ohun tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin. Abẹ́rẹ́ tó sá bá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Ó dá a dúró lábẹ́ àbójútó dókítà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ burú ju ọdún márùn-ún lọ. Ti òkè òkun ti tán lára rẹ̀, ti ilé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Okun rẹ̀ tán. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò fẹ́ obìnrin, kò fẹ́ oúnjẹ, ó máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní ìdájí kó máa sunkún láìmọ ohun tó ń sunkún fún. Àwọn ará ilé ní ayé ti ṣe é. Wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe é pàápàá. Ìyá Ìbejì kò gbà. Ó ní òun mọ ẹni tó ṣe é, òun sì ń bá a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Òun ló ń mú un padà sọ́dọ̀ dókítà lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ọkàn yìí kì í ṣe ti Oníwọ̀n nìkan. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn mìíràn dán abẹ́rẹ́ testosterone tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ họ́móònù mìíràn wò lára ọkùnrin 320, iye oyún kéré gan-an. Síbẹ̀, ní 2011, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ààbò àwọn tó ń gbà á ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí ọkàn rírẹ̀wẹ̀sì àti ìyípadà ìwà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ jù. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà ṣì fẹ́ máa gbà á. Àwọn tó ń wọ̀n ló ní ó tó. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ti fọwọ́ sí testosterone fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí ọkùnrin. Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ń fi pa ara bí ìpara, èyí tí Kẹ́ńyà wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu ìdánwò kò tíì di ohun tí à ń rà nínú kúlà. Lábẹ́ òfin wa, oògùn tó gba ìwé dókítà ni testosterone, kẹ́míìsì kékeré àdúgbò kò sì láṣẹ láti tà á.

Ara Oníwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò lẹ́yìn ọdún kan ó lé díẹ̀. PCV rẹ̀ wálẹ̀. Ìfúnpá kò lọ. Yóò máa lo oògùn rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ọmọ wẹ́dà ló mú ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ padà. Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ti gbéyàwó, ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń retí. Ìyá rẹ̀ ti ń wo ikùn ìyàwó. Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin náà káàkiri, wọ́n ti fún un ní àgúnmu, wọ́n ti gbààwẹ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí ọkùnrin gbé àtọ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù. Nígbà tó gbé e lọ níkẹyìn, èsì tí wọ́n kọ fún un ni òdo. Kò sí ẹyọ irúgbìn kan. Ó mú ìwé náà wá sílé Oníwọ̀n, ó nà án sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ júwe rẹ̀ fún mi."

Oníwọ̀n sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n sọ PCV fún òun, ẹ̀rù ba òun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ojú ló ti òun.

Ó mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà kan náà. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wọ́n. Ó ní àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìdánwò 30 jọ ní 2006, ọkùnrin 1,549 tó ti gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Nípa ìṣirò wọn, ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ni irúgbìn wọn padà dé mílíọ̀nù 20 nínú mìlílítà kan láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, ìdá 90 láàárín ọdún kan, ìdá 96 láàárín oṣù mẹ́rìndínlógún. Ó tó ọdún méjì kó tó kan gbogbo wọn. Ó wá fi kún un pé: "Ṣùgbọ́n àwọn yẹn, ara wọn pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n gún, wọ́n mọ iye rẹ̀. Ẹ̀yin, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Wọn kò mọ̀ ọ́n. Kóòṣì nìkan ló mọ ohun tó wà nínú kúlà, bí òun náà bá mọ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ fẹ́ gbé lára ẹrù ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ohun rere lẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ìtàn yìí mú yín padà sẹ́yìn. Kọ́ńdọ̀mù wà. Iṣẹ́ abẹ kékeré wà fún ẹni tí ọmọ ti tó, kì í ṣe òdá. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, kí ẹ mú ìyàwó dání. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé irin, bí ẹ bá ti gún un, ẹ má fi ìtìjú bò ó, ẹ má sì dá ara yín tọ́jú. Ẹ sọ fún dókítà ohun tí ẹ gún àti bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, kí ẹ tó fún ìyàwó ní àgúnmu, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ sí láàbù ná.

Mo bẹ Oníwọ̀n wò ní oṣù tó kọjá. Lórí tábìlì pálọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí ìwé gbọọrọ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, irú ti ilé iṣẹ́. Mo ṣí i. Kì í ṣe gíráàmù ló wà níbẹ̀. Iye irúgbìn ọmọ wẹ́dà ní oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá jọ lọ sí láàbù ló fi gègé kọ síbẹ̀, ní mílíọ̀nù nínú mìlílítà kan. Oṣù kẹta, 0. Oṣù kẹfà, 0. Oṣù kẹsàn-án, 1. Oṣù kejìlá, 4. Oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, 9. Ìlà pupa kan wà lókè ojú ìwé, ó kọ 16 sí i, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá ó rò pé ọmọ náà yóò dé ìlà yẹn. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó pa á dé.

Ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì la tún ń lọ wọ̀n ọ́n."